Ènìyàn Kì Í Ṣe Èròjà

Tí ọ̀rọ̀ oògùn owó bá délẹ̀ láàárín àwa ọ̀dọ́, èsì kan máa ń yá lẹ́nu wa: irọ́ ni jàre, kò jẹ́. A máa ní tó bá ń jẹ́ ni, àwọn tó ń ṣe é ì bá ti ra gbogbo Èkó tán. Èsì náà dáa, òótọ́ sì ni. Àmọ́ tí a bá fara balẹ̀ wò ó, ihò kan wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àìjẹ́ oògùn náà nìkan la rí bá wí, kí la máa wí lọ́jọ́ tó bá jẹ́? Ṣé ó ti di ohun rere nìyẹn?

Ìbéèrè yìí ṣòro láti bi ara ẹni láyé tí a wà yìí, torí pé "kò jẹ́" yẹn ti máa ń parí ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ayé mìíràn la nílò, ayé tí oògùn ti ń jẹ́ láìtàsé, tí agbára ẹ̀ sì hàn ketekete bí iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà. Àwa tí a ń fi kóòdù kíkọ jẹun, tí a sì ń gbá géèmù tí iṣẹ́ bá dákẹ́, mọ irú ayé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí náà ti dé ibẹ̀ rí.

Skyrim lorúkọ ẹ̀. Bethesda Game Studios ló ṣe géèmù náà, ó sì jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2011. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sọ géèmù náà lórúkọ jẹ́ ilẹ̀ òkè àti yìnyín. Àwọn Nord ló ni ín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn àwọn ará Norway àti Iceland ayé àtijọ́ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ara wọn ni wọ́n ti wo àwọn Nord yìí kọ.

Ní Skyrim, ènìyàn lè po oògùn. Gbogbo èròjà tó wà níbẹ̀, ìbáà ṣe ewé, èso, ìyẹ́ kòkòrò tàbí èékánná abàmì, ló ní iṣẹ́ mẹ́rin nínú. Tí o bá pa méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, tí iṣẹ́ kan náà sì wà nínú méjì nínú wọn ó kéré tán, oògùn jẹ́ nìyẹn. Tí kò bá sí iṣẹ́ tó bára mu, èròjà rẹ ṣòfò. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé oògùn tí kò jẹ́, ewé ẹ̀ kan ló kù.

Èso kan wà níbẹ̀ tó ń so láàárín yìnyín, pupa fòò. Snowberries ni wọ́n ń pè é. Tí o bá pò ó mọ́ ìyẹ́ labalábá aláwọ̀ aró, o máa rí oògùn mímu kan tí wọ́n ń pè ní Fortify Enchanting. Oògùn yìí kì í wo àìsàn, kì í wo ọgbẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kó fún ètùtù tí o fẹ́ ṣe lágbára. Ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ló ń lò lára. Kí àkókò náà tó tán, o ní láti dúró níwájú tábìlì kan tó rí bí ojúbọ, kí o gbé idà tàbí òrùka lé e, kí o sì fi agbára sínú ẹ̀. Tí o bá ti ṣe é tán, oògùn á kúrò lára rẹ, àmọ́ agbára tó ti wọ inú òrùka ò ní kúrò mọ́.

Títí dé ibí, kò sóhun tó burú. Èso, ìyẹ́ labalábá, òrùka. Ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbi nǹkan kan tí a ò tíì dárúkọ. Ètùtù náà ò lè ṣeé ṣe láìsí òkúta ẹ̀mí. Òkúta yìí ni wọ́n fi ń mú ẹ̀mí ohun abẹ̀mí tó bá kú, ẹ̀mí yẹn ló sì ń di agbára inú òrùka. Géèmù náà pín ẹ̀mí sí ìwọ̀n márùn-ún, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Tẹranko, òkúta lásán ló ń gbà á. Tènìyàn ní òkúta tirẹ̀, òkúta dúdú. Bí o bá sì ti rí òkúta dúdú, gbogbo ẹ̀mí ènìyàn ló wà ní ìwọ̀n tó tóbi jù: ti ọlọ́rọ̀, ti alágbe, ti olè ojú ọ̀nà. Ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ìlú ló wà láyé yìí tí ẹ̀mí ọlọ́rọ̀ ti níye lórí ju ti tálákà lọ. Ní Skyrim, kọ̀ǹpútà ti sọ gbogbo ẹ̀mí ènìyàn dọ́gba. Àmọ́ irú ìdọ́gba wo nìyẹn? Ìdọ́gba igi ìdáná ni. A dọ́gba torí pé bákan náà la ṣe ń jó.

Ẹ ti rí ibi tí a ń lọ báyìí. Oògùn mímu, ètùtù, ẹ̀mí ènìyàn, agbára tó ń pọ̀ sí i. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró níwájú tábìlì yẹn, tó mú òkúta dúdú dání, mọ ohun tí wọ́n ń pe irú nǹkan yẹn nílé. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà: níbẹ̀, ó ń jẹ́. O máa rí òǹkà ẹ̀ lójú ẹ̀rọ kí o tó tẹ bọ́tìnì. Èsì wa àtijọ́ ti kú nìyẹn. A ò lè sọ pé irọ́ ni mọ́. A ní láti wá èsì gidi.

Ẹnì kan lè sọ pé géèmù ni, ẹ fi wá sílẹ̀. A gbà. A ò sọ pé ẹni tó bá gbá Skyrim á di apànìyàn. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kún àpò fún òkúta dúdú nínú géèmù yẹn, tí a ò sì lè pa ẹyẹlé níta. Ìdí tí a fi mú un wá ni pé ó dà bí yàrá àyẹ̀wò. Nínú ẹ̀, a lè yọ "kò jẹ́" kúrò nínú ọ̀rọ̀, ká wá wo ohun tó kù.

Èsì àkọ́kọ́ tó máa yá ni pé olè ni mo pa, òun ló kọ́kọ́ dojú kọ mí. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ènìyàn tí àwọn òṣèré ń kó sínú òkúta dúdú, ti àwọn olè ojú ọ̀nà ni. Olè yọ idà sí ọ, o gbèjà ara rẹ, ó kú. Kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́bi. Àmọ́ ẹ̀tọ́ tí o ní láti dá a dúró kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti lò ó. Ọ̀tọ̀ ni ká pa olè tó fẹ́ pa wá, ọ̀tọ̀ ni ká fi awọ ẹ̀ rán bàtà. Nígbà tó ń bá ọ jà, ènìyàn ni, ọ̀tá rẹ ni. Nígbà tí ẹ̀mí ẹ̀ wọ inú òkúta, ó di ẹgbẹ́ snowberries. Ó di èròjà.

Èsì kejì ni pé ẹni tó ti kú kò mọ nǹkan kan mọ́. Àwọn tó ṣe géèmù náà fúnra wọn ò jẹ́ kí èsì yìí dúró. Ní ọdún 2012, wọ́n fi apá kan kún un tí wọ́n pè ní Dawnguard. Nínú ẹ̀, o lè wọ ibi tí àwọn ẹ̀mí inú òkúta dúdú ń lọ lẹ́yìn tí a bá ti lò wọ́n tán. Soul Cairn ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ilẹ̀ eérú tí oòrùn kò sí. Àwọn ẹ̀mí ń rìn kiri níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ò bẹ̀bẹ̀ pé kí o gba òun là. Ẹṣin ẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Arvak lorúkọ ẹṣin náà. Ẹ̀mí tó ti di ohun ìdáná ṣì rántí orúkọ ẹṣin ẹ̀. Ẹ wá padà síwájú tábìlì, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ẹ̀mí náà sínú òkúta: kò sí orúkọ, ìwọ̀n nìkan ló wà.

Nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Iceland, èyí tí Snorri Sturluson kọ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ọtí oyin kan wà tó ń sọ ẹni tó bá mu ún di akéwì. Àwọn ràrá méjì ló pọn ọ́n, ẹ̀jẹ̀ ọlọgbọ́n kan tí wọ́n pa ni wọ́n sì pò mọ́ oyin. Kvasir lorúkọ ọlọgbọ́n náà. Ìtàn burúkú ni, àmọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n pa ò sọnù nínú ẹ̀. Àwọn akéwì ilẹ̀ yẹn máa ń pe ewì ní ẹ̀jẹ̀ Kvasir. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹni tó kú sí i ni wọ́n ń dá. Géèmù tiwa ti pa orúkọ rẹ́.

Ọ̀nà kejì wà tí oògùn yìí lè gbà bàjẹ́, àwọn òǹkọ̀ kóòdù ló sì fẹ́ràn ẹ̀ jù. Ní Skyrim, o lè fi agbára tó ń ran oògùn pípò lọ́wọ́ sínú òrùka. Wọ òrùka náà, oògùn tí o máa pò á lágbára sí i. Mu oògùn náà, òrùka tí o máa ṣe á lágbára sí i. Wọ òrùka tuntun, po oògùn mìíràn. Ó ń yí po. Ìyípo yìí máa rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ tó bá dé ibì kan, torí èrè tó ń mú wá ń kéré sí i. Àmọ́ àwọn òṣèré rí ìyípo mìíràn tí kò rẹ̀. Oògùn kan wà tó ń ran idán ìwòsàn lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní Fortify Restoration. Kóòdù géèmù náà ka agbára inú òrùka mọ́ idán ìwòsàn. Tí o bá mu oògùn yẹn, tí o bọ́ òrùka, tí o tún un wọ̀, agbára òrùka á ga. Po irú oògùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, á ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mu ún, bọ́ ọ, wọ̀ ọ́. Kò lópin.

Kò lópin, àfi ti kọ̀ǹpútà. Òǹkà tí a bá kó sínú bit 32, tó lè jẹ́ ti èrè tàbí ti gbèsè, kò lè kọjá 2,147,483,647. Tí o bá fi ọ̀kan kún un, ó sábà máa ń yí padà sí -2,147,483,648. Ohun tí àwọn tó lo ìyípo yẹn dé góńgó rí nìyẹn: oògùn tí iye owó ẹ̀ ti wọ abẹ́ òdo, géèmù tó dákú lójijì. Agbára ga títí ó fi di gbèsè.

A máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ó sì pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó wà nínú ìyípo yẹn. Òun nìkan ni. Kò nílò olùkọ́, kò nílò ọ̀rẹ́, kò nílò ọjà. Oògùn ń fún òrùka lágbára, òrùka ń fún oògùn lágbára, òun sì wà láàárín, ó ń mu, ó ń bọ́, ó ń wọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, tí o bá gba oògùn lọ́wọ́ onísègùn, kò ní jẹ́ kí o dìde kó tó sọ èèwọ̀ ẹ̀ fún ọ. Má jẹ nǹkan báyìí. Má jẹ́ kí òjò pa á. Má fi bá ọmọ ìyá rẹ jà. Àwa ọmọ ìsinsìnyí máa ń rò pé àléébù oògùn ni èèwọ̀, pé oògùn tó bá dáa tán kò yẹ kó ní in. Ẹni tó bá ti kọ kóòdù rí á rò ó lọ́nà mìíràn. Èèwọ̀ ni ìlà tí a kọ síbẹ̀ pé bí òǹkà bá ti dé ibí, dúró. Ẹ tún wo ohun tí èèwọ̀ sábà máa ń dáàbò bò: ọmọ ìyá rẹ, ilé rẹ, àwọn tó wà láyìíká rẹ. Èèwọ̀ ń rán ọ létí pé o ò dá wà. Ìyípo tí kò ní èèwọ̀ ti gbàgbé pé ẹlòmíràn wà. Òkúta dúdú rántí pé ẹlòmíràn wà, àmọ́ ojú èròjà ló fi ń wò ó.

Ṣé ọ̀nà kẹta wà? Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ohun tí ètùtù ìgbà òtútù wà fún gan-an. Ní Skyrim ti ọdún 2011, òtútù jẹ́ àwòrán lásán. O lè bọ́ra sílẹ̀ lórí yìnyín láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ètùtù ibẹ̀ kò fi ní iṣẹ́ mìíràn ju kó sọ idà di mímú sí i. Ìgbà tó di ọdún 2017, wọ́n mú ohun kan jáde tí wọ́n pè ní Survival Mode. Tí o bá tan án, òtútù á máa pa ọ́, ebi á máa pa ọ́, àárẹ̀ á máa mú ọ. Lójijì, ọbẹ̀ gbígbóná wá níye lórí ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ. O máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tí iná ń jó nínú ẹ̀. Ìgbà tí òtútù di òtútù gidi ni a tó rántí ilé ẹlòmíràn.

Àwọn ará Norway àtijọ́ ò nílò kí ẹnikẹ́ni tan òtútù fún wọn. Òtútù tiwọn ń pani, oòrùn ò sì fẹ́ẹ̀ yọ. Ohun mímu sì wà tí wọ́n fi ń fún ọdún ìgbà òtútù wọn lágbára. Ọtí ni, ọtí ọkà báálì, bí a ṣe ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ọ̀kan lára àwọn òfin wọn tó dàgbà jù, òfin Gulating ní ìwọ̀-oòrùn Norway, sọ̀rọ̀ nípa ọtí yìí. Ìgbà tí wọ́n ti di Kristẹni ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ àṣà náà dàgbà ju ìwé lọ.

Òfin yẹn ò fi ọtí ọdún sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Ó pa á láṣẹ. Kó tó di ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́, ìyẹn ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, nígbà tí òtútù ń wọlé, àgbẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán ní láti pa ọtí wọn pọ̀ mu. Tí ilé ẹnì kan bá wà ní erékùṣù tàbí lórí òkè tó jìnnà débi tí kò lè gbé ọtí ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, òun nìkan á pọn iye tí ẹni mẹ́ta ì bá pọn. Tó bá di ọdún Kérésì, ọkọ àti aya á fi ọkà tó dọ́gba sílẹ̀, wọ́n á pọn ọtí mìíràn, wọ́n á sì yà á sí mímọ́ lálẹ́ ọdún, láti fi tọrọ ọdún tó dáa àti àlàáfíà. Ẹni tí kò bá pọn ọ́n á san owó ìtanràn. Tó bá fi ọdún mẹ́ta gbáko kọ̀, ó lè pàdánù ohun ìní ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí màlúù ẹ̀ kò bá tó mẹ́fà, tó bá wù ú ni kó pọn ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìlà wọ̀nyí bí ẹni ń wo kóòdù. Oògùn Skyrim, ènìyàn kan ló ń pò ó, ènìyàn kan náà ló ń mu ún, òǹkà ló ń jáde. Ọtí Gulating, ẹni mẹ́ta ló kéré jù. Òfin náà ò bìkítà bóyá ọtí náà le. Kò sí ìlà kan tó ní kó lágbára dé ìwọ̀n báyìí. Ohun tó ń kà ni iye ilé tó wà nínú ẹ̀. Kódà ẹni tó dá wà lórí òkè, ọtí ẹni mẹ́ta ló máa pọn, bíi pé àwọn méjì yòókù ṣì jókòó tì í. Tálákà sì ní àyè tirẹ̀. Èèwọ̀ ọtí yẹn nìyẹn.

Ẹ tún rántí ohun tí ọkà jẹ́ lásìkò òtútù. Oúnjẹ ni. Oṣù mélòó kan ṣì wà níwájú kí nǹkan kan tó hù. Ẹni tó bá fi ọkà pọn ọtí ti mú lára oúnjẹ ọ̀la ẹ̀ wá fi ṣọdún pẹ̀lú aládùúgbò. Ètùtù yẹn náà gba nǹkan, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló ti gbà á, kò gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹlòmíràn wà nínú oògùn yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ alábàápọn ló jẹ́.

A ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di àdídùn jù. Snorri kan náà sọ ìtàn Hákon, ọba Norway ní ọ̀rúndún kẹwàá, tó dàgbà sí ààfin ọba Athelstan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì padà wálé gẹ́gẹ́ bíi Kristẹni. Hákon ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣọdún Jól lásìkò kan náà pẹ̀lú Kérésì, kí oníkálukú ní ọtí nílé, kí ọdún sì máa lọ títí ọtí á fi tán. Lọ́jọ́ kan, níbi àsè kan ní Lade, wọ́n gbé ìwo ọtí tí wọ́n ti fi júbà Odin fún un. Ó ṣe àmì àgbélébùú lórí ẹ̀ kó tó mu ún. Àwọn àgbẹ̀ bínú. Baálẹ̀ ibẹ̀, Sigurd, ló fi ọgbọ́n gbà á sílẹ̀: ó ní àmì òòlù Thor ni ọba ṣe. Nígbà tó wá di ọdún Jól, wọn ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Wọ́n fipá mú un jẹ nínú ẹ̀dọ̀ ẹṣin, ó sì mu gbogbo ìwo tí wọ́n gbé fún un láìṣe àmì kankan. Ó ti lé ní 200 ọdún lẹ́yìn náà kí Snorri tó kọ ìtàn yìí, torí náà a ò ní búra sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ yé wa. Àwa tí a dàgbà láàárín ẹbí ńlá, tí àwọn àgbà ti sọ fún rí pé gbogbo ilé ń ṣe é, ìwọ ta ni, mọ bí ìwo yẹn ṣe ń rí lọ́wọ́.

Ohun tí a pọn pọ̀ lè di àjàgà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan ṣì wà tí a ò gbọdọ̀ gbójú fò. Hákon jókòó nídìí àsè. Ó lè ṣe àmì tirẹ̀, ó lè kọ̀, wọ́n lè bá a jà, Sigurd lè bá a bẹ̀bẹ̀. Ìjà wà níbẹ̀ torí pé ènìyàn wà níbẹ̀. Nínú òkúta dúdú, kò sí ìjà. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe àlàáfíà. Ẹni tó yẹ kó bá ọ jiyàn ló ti di ìwọ̀n lójú ẹ̀rọ.

Níbí la ti wá rí èsì tí a ń wá. Kí ló burú nínú ètùtù tó ń gba ẹ̀mí ènìyàn, kódà níbi tó ti ń jẹ́? Ètùtù, níbi gbogbo tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe, jẹ́ ohun tó ń so àwọn tó wà láàyè pọ̀ lásìkò tí nǹkan le: òtútù, ebi, ọ̀fọ̀, òkùnkùn. Oògùn tó bá fún ètùtù lágbára gbọ́dọ̀ fún ìsopọ̀ yẹn lágbára. Tí oògùn bá pa ẹni tí a fẹ́ so mọ́, tó wá fi ẹ̀mí ẹ̀ ṣe agbára, kò fún ètùtù lágbára. Ó ti pa ètùtù, agbára nìkan ló ṣẹ́ kù. Bó ṣe ń jẹ́ dáadáa tó ni ìparun náà ṣe ń pé tó. Torí náà, tí a bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn owó, ká má fi "kò jẹ́" parí ẹ̀. Kò jẹ́ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti kú lásán nítorí ẹ̀. Àmọ́ kí àwọn àbúrò wa gbọ́ èyí tó kù lẹ́nu wa: bó tilẹ̀ ń jẹ́, bí owó ń ya bí òjò, ènìyàn kì í ṣe èròjà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa òǹkọ̀ kóòdù lọ́nà tirẹ̀. Àwa la ń ya àpótí tí wọ́n ń kó ènìyàn sí. Lójoojúmọ́, ẹnì kan nínú wa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń pinnu ohun tí wọ́n máa rántí nípa ènìyàn àti ohun tí wọ́n máa gbàgbé: iye tó ná, iye wákàtí tó lò, ìwọ̀n ẹ̀. A mọ bó ṣe rọrùn tó láti yọ ibi tí orúkọ wà, torí pé òǹkà ń ṣiṣẹ́ kíákíá láìsí orúkọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìwọ̀n márùn-ún sí ara òkúta ẹ̀mí ò ní èrò búburú kankan. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe tiwa.

Agbára dáa. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wá a. Ayé le, òtútù tiwa náà sì pọ̀. Àmọ́ tí ẹnì kan bá gbé ife kan fún ọ, tó ní mu èyí, ọ̀nà rẹ á là, má wulẹ̀ bi í bó ṣe lágbára tó. Bi í pé àwọn wo ló bá a pọn ọ́n. Tó bá dárúkọ wọn, tí àwọn fúnra wọn sì wà láàyè láti mu nínú ẹ̀, jókòó. Tí kò bá rí orúkọ kankan dá, gbé ife ẹ̀ fún un.